Kọ́tìnì Méjìdínlógójì

Kọ́tìnì méjìdínlógójì ni mo rán fún wọn
nígbà tí òórùn ọ̀dà ṣì ń lé ènìyàn ní òtẹ́ẹ̀lì náà.
Ìlàjì owó wọlé. Ìlàjì yòókù di "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."
Mo lọ, mo lọ, títí ọjọ́ Ajé fi sú mi,
kí Oyèwùsì máníjà tó fọwọ́ họrí, tó ní,
"Màmá Télọ̀, ẹ̀yin àti Bàbá, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa,
láti Ẹtì di Àìkú, oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀,
ká fi pa gbèsè yẹn rẹ́."
Àtàndá ní, "Ṣé oorun ni wọ́n fi ń san owó báyìí?"
Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ìpara dán bàtà rẹ̀.

Arówómọlé là ń gbé, a ò rówó mọ ju yàrá méjì lọ.
Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì àti báàgì,
ìrìn-àjò parí kí n tó ka orin kan tán.
Ọmọbìnrin ẹnu kántà béèrè ibi tí a ti wá.
"Arówómọlé," ni Àtàndá wí.
Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó wá rántí iṣẹ́ rẹ̀,
ó ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Ilẹ̀ ń dán bí àwo tí ológbò lá.
Mo bọ́ bàtà dání, wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ padà.
Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè panu dé mọ́ wa,
Àtàndá di apá mi mú bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Ibùsùn náà fẹ̀ bí oko ẹ̀gẹ́.
Síbẹ̀ etí ògiri ló lọ, etí ilẹ̀kùn ni mo wà,
bí a ti ń ṣe nílé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n;
àárín wa ṣófo, ó gba ọmọ mẹ́ta,
Oyèníkẹ̀ẹ́, Oyètúnjí, àti èyí tí kò dúró pẹ́.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ ọyẹ́ lù wá nínú oṣù Ẹrẹ́nà.
A wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, a ò rí i.
Ìró mi la tún fi lé aṣọ ìbora funfun wọn.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, oòrùn bá kọ́tìnì wọlé,
mo rí ìṣẹ́tí rẹ̀ tó wọ́ sápá kan.
Mo mọ̀ ọ́n bí ìyá ti í mọ àpá ẹ̀yìn ọmọ.
Alẹ́ tí Àtàndá wà ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi ni mo rán an;
iná ti lọ, mo gbé àtùpà ka orí maṣíìnì,
ojú mi wà lára aṣọ,
ọkàn mi ń ka omi tó ń kán sínú iṣan ọwọ́ rẹ̀.
Mo fa abẹ́rẹ́ yọ nínú gèlè.
Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ìlàjì owó ni wọ́n san,
jẹ́ kí ìlàjì rẹ̀ wọ́."

Wọ́n gbé ẹyin wá, àti búrẹ́dì tí wọ́n gé etí rẹ̀ dànù.
Àtàndá yí búrẹ́dì síwá-sẹ́yìn,
ó bi ọmọ tó gbé e wá: "Ta wá ló jẹ etí?"

Lóru, nígbà tó ń hanrun, mo fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ògbómọ̀ṣọ́ dúdú láti Tákíè lọ,
jẹnẹrétọ̀ tiwọn nìkan ló ń kùn.
Mo wá òrùlé wa, mi ò rí i. Mo rí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa,
tàbí ti ẹlòmíràn; lókèèrè, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.
Mo jókòó sílẹ̀, mo tú ìṣẹ́tí, mo tún un rán.
Kì í ṣe nítorí Oyèwùsì.
Mi ò lè sùn lẹ́bàá ìránkúrán tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Láti ibẹ̀ la ti lọ sí ìsìn Àìkú.
Ọṣẹ kékeré mẹ́rin wà nínú báàgì Àtàndá, mi ò bi í.

Lọ́jọ́ Ajé mo dúró níwájú tábìlì Oyèwùsì.
Ó ní, "Háà, Màmá, ṣebí ẹ ti sùn."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo sì ti jí.